Kò Sẹ́ni Nínú Fóònù Yẹn: Àlàyé Lórí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Tí Èèyàn Ń Dá Jókòó Ṣe Níwájú Kámẹ́rà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọláìyá, ní Òṣogbo. Aláró ni wọ́n. Èékánná ọwọ́ wọn méjèèjì ti di búlúù, irú búlúù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú ọṣẹ. Ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn ló fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí àdìrẹ, ó sì fẹ́ kí ìyá fi fídíò dáhùn ìbéèrè mẹ́fà. Ìyá ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ni wọ́n bá ní kí n wá bá àwọn ṣe é.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ, mo kà á fún wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe aró." Mo gbé fóònù dúró síwájú wọn, mo tẹ ibi tó pupa. Ìyá tún gèlè ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ kú àárọ̀ o." Wọ́n dúró. "Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́?" Wọ́n tún dúró. Wọ́n wojú mi, wọ́n wo fóònù. "Kí ló dé tí kò dáhùn? Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Lókè fóònù, nọ́ńbà kékeré kan ń kà sẹ́yìn: 1:32, 1:31, 1:30. Kí n tó fi yé ìyá pé kò sẹ́ni níbẹ̀, pé kí wọ́n ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ, ó ti ku ìṣẹ́jú kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń ṣù ú, bí wọ́n ṣe ń sá a. Wọ́n dé orí omi eérú. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní, "Tó bá wá di ọjọ́ kẹta…" Ó gé e síbẹ̀. Ìbéèrè kejì yọ.

Ìyá wo fóònù náà tìkanra-tìkanra. "Ẹni yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ o. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

Kì í ṣe ìyá nìkan ló ń ṣì í mú. Àwọn ọmọ tó ń wá gba fọ́ọ̀mù másítà òkè òkun lọ́dọ̀ mi, àwọn tíṣà tó fẹ́ fi ṣe ìdánwò ẹnu, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ló yàtọ̀: ta ló wà lódì kejì? Kò sẹ́ni. Torí pé kò sì sẹ́ni, gbogbo ohun tí èèyàn tó jókòó síwájú ẹni máa ń ṣe láìrò ó, bíi kó kíni, kó mi orí, kó ní "ẹn-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?", kó mú sùúrù fún àgbà, ẹnì kan ní láti jókòó rò ó ṣáájú kó sì tò ó sínú áàpù. Ẹni tó bá ṣètò ìbéèrè ni ẹni yẹn. Tí kò bá rò ó, irú ohun tó ṣe ìyá ló máa ṣe àwọn tó kù.

Ọmọ ìyá vóìsì nóòtì ni

Ẹ fi wé ohun tí a ti mọ̀. Tí ẹ bá pe ọmọ yín ní Èkó lórí fídíò WhatsApp, ẹ̀yin àti òun jọ wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ sọ̀rọ̀, ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ẹ rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zoom àti Google Meet. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ohùn sílẹ̀ fún un, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní vóìsì nóòtì, ẹ ti sọ tiyín tán, ó di ìgbà tó bá ráyè kó tó gbọ́ ọ. Ọmọ ìyá vóìsì nóòtì ni ohun tí mò ń sọ yìí, kò bá Zoom tan. Olùbéèrè ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ láti àná, tàbí láti oṣù tó kọjá. Nígbà míì, á ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń béèrè é. Ẹ̀yin á ṣí líǹkì, ẹ̀yin nìkan á jókòó, ẹ óò dáhùn níwájú kámẹ́rà, áàpù á gbà á sílẹ̀, á sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Olùbéèrè á wò ó lọ́jọ́ tó bá wò ó.

Ohun tó fi yàtọ̀ sí vóìsì nóòtì ni pé ọwọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀ ni gbogbo okùn wà. Òun ló pinnu iye ìṣẹ́jú tí ẹ máa fi ronú kí kámẹ́rà tó ṣí, iye tí ẹ máa fi dáhùn, bóyá ẹ lè pa ìdáhùn rẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀melòó, bóyá ẹ lè yọjú wo ìbéèrè kejì kẹ́ ẹ tó parí ti àkọ́kọ́, àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn á tì. Gbólóhùn kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà: "Ṣe é ní àkókò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa jókòó ni wọ́n ń sọ o. Tí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, aago ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ HireVue sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò. Ti ilé-ìwé tẹ̀ lé e. Kira Talent, tí àwọn ará Kánádà ṣe, ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń bá pàdé tí wọ́n bá ń wá ààyè sí ilé-ìwé ìṣòwò lókè òkun. Willo àti VideoAsk wà pẹ̀lú.

Flipgrid ní ìtàn tó yẹ kí gbogbo tíṣà gbọ́. Yunifásítì Minnesota ló ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á gbé ìbéèrè kalẹ̀, àwọn ọmọ á fi fídíò kékeré dáhùn, wọ́n á máa wo ti ara wọn. Microsoft rà á ní 2018, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Flip ní 2022. Nígbà tó di oṣù Keje 2024, wọ́n pa áàpù àti ojú-ewé rẹ̀ tì, wọ́n ní kẹ́ni tó bá ṣì fẹ́ ẹ lọ bá a nínú Teams, áàpù ìpàdé ti Microsoft. Tíṣà tó ti kó iṣẹ́ àwọn ọmọ síbẹ̀ tí kò sì gbà á sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ẹ lè fọkàn rò ó. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má fi ilé onílé ṣe àká. Lọ́jọ́ tí ìdáhùn bá ti pé, ẹ kó o síbi tó jẹ́ tiyín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fóònù

Tí ẹ bá tẹ líǹkì, ààyè láti lo kámẹ́rà àti máìkì ló kọ́kọ́ máa tọrọ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn, wọ́n á tẹ "Block", wọ́n á wá máa bínú pé líǹkì ò ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ fọwọ́ kan àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì lókè, ẹ wá kámẹ́rà níbẹ̀, ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ tún ojú-ewé náà ṣí. Chrome àti Safari kì í yọ̀ǹda kámẹ́rà fún ojú-ewé tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá ní "https" níwájú, èyí sì dáa. Àṣìṣe míì tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni pé àwọn èèyàn á tẹ líǹkì láti inú Facebook tàbí Instagram, tí yóò ṣí sínú áàpù yẹn fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà kì í sábà gbọ́ràn níbẹ̀. Ẹ da líǹkì náà kọ, kẹ́ ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ sínú Chrome.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti dátà, torí òun ni wọ́n ń bi mí jù. Fídíò tí áàpù bá yà ní mẹ́gábíìtì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ mẹ́gábáìtì (MB) 7.5 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Ìbéèrè mẹ́fà, ìṣẹ́jú méjì-méjì, ìṣẹ́jú 12 nìyẹn, ó di MB 90. Tí áàpù náà bá fẹ́ kí àwòrán mọ́ dáadáa tó sì ń yà á ní mẹ́gábíìtì 2.5, ìṣẹ́jú 12 kan náà di MB 225. Fún ọmọ tó ra dátà ọjọ́ kan, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn áàpù kan máa ń gbé gbogbo ìgbìyànjú yín lọ, àní èyí tẹ́ ẹ ti pa rẹ́, torí náà ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè san owó dátà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Olùṣètò ló lè dín bí àwòrán ṣe mọ́ kù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló nílò, kí ló fẹ́ fi àwòrán tó mọ́ bíi ti sinimá ṣe?

Ọ̀nà méjì ni fídíò ń gbà kúrò lọ́wọ́ yín. Àwọn áàpù kan ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn mìíràn á kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù ná, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ "Submit" kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Irú kejì yìí ló ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Wọ́n á tẹ Submit, wọ́n á rí i tó kọ "Uploading", wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á pa ojú-ewé náà dé. Ohun tí ojú-ewé ń gbé lọ́wọ́ kò tíì débì kankan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò sì ṣègbé. Ẹ má kúrò lójú-ewé náà títí tí yóò fi sọ fún yín pé ó ti dé. Tí iná bá lọ tí ráútà sì kú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tan dátà fóònù míì, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà.

Ìpè tó bá wọlé nígbà tẹ́ ẹ ń dáhùn lè gé e lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ọmọ kan ń ṣe ti yunifásítì òkè òkun nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè tó kẹ́yìn ló kù, kò sì sí àǹfààní àtúnṣe. Bọ̀dá rẹ̀ pè láti Ìgbọ̀nà pé ṣé ó ti jẹun. Mi ò lè sọ bójú ọmọ yẹn ṣe rí. Tí Wi-Fi bá wà, ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú (airplane mode) kẹ́ ẹ sì tan Wi-Fi padà. Ti ìmọ́lẹ̀ kò le: ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ti ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mi ò tíì rí ojútùú sí ní Òṣogbo yìí, àfi kẹ́ ẹ ṣe é ní kùtù.

Nínú ilé-ìwé

Ìdánwò ẹnu wa ní Nàìjíríà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní Test of Orals. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà ni ọmọ ń yàn níbẹ̀, yóò wá ohun tí ìró rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí nídìí mu, yóò sì fi pẹ́ńsù kùn ún. Ìdánwò ẹnu tí ẹnikẹ́ni ò la ẹnu! Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ ẹnu ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ibẹ̀ ni áàpù yìí ti wúlò fún tíṣà. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọgọ́ta ní Yorùbá lè ní kí kálukú wọn ki oríkì ìdílé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, nílé, lórí fóònù òbí. Ọmọ tó máa ń gbọ̀n níwájú kíláàsì á rí àyè mí, á sì tún un ṣe títí tó fi máa dùn mọ́ ọn. Tíṣà á gbọ́ ohùn gbogbo wọn, á sì lè gbọ́ ti oṣù Kẹsàn-án mọ́ ti oṣù Kẹta, kó mọ ẹni tó ti gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta áàpù tàn yín pé yóò gba tíṣà lọ́wọ́ iṣẹ́. Ọgọ́ta ọmọ lọ́nà ìṣẹ́jú mẹ́ta, 180 ìṣẹ́jú ni, wákàtí mẹ́ta gbáko. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ọ. Títò lórí ìlà nìkan ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò sì sí fóònù nílé wọn ńkọ́? Tíṣà tó gbọ́n á mú fóònù kan wá sí sítáfù rúùmù, á fi ìrọ̀lẹ́ méjì sílẹ̀ fún irú wọn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ààyè sókè òkun: ìbéèrè tó wà níwájú yín lè má jẹ́ èyí tó wà níwájú ọ̀rẹ́ yín, torí inú àkójọ ńlá ni áàpù ti ń fà á yọ. Ìdí nìyẹn tí híhá ìdáhùn sórí kì í fi gbeni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìbéèrè ìdánrawò tẹ́nikẹ́ni ò ní wò. Ẹ lò ó dáadáa, kí ojú yín fi mọ kámẹ́rà kí ti gidi tó dé.

Nínú ìwádìí

Ojú àwọn àgbà Òṣogbo kì í ṣe tuntun sí oníwádìí. Kó tó di 2005 tí UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé, láyé Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó wá gbé Òṣogbo, ni àwọn èèyàn ti ń gbé ìwé àti rédíò agbohùnsílẹ̀ wá síbí. Ìyá aláró náà sọ fún mi pé òyìnbó kan jókòó sórí àpótí lọ́dọ̀ ìyá àwọn, ó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wo aró, ó sì ń bá wọn jẹ ẹ̀kọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìyẹn. Ẹni tó jókòó sórí àpótí ni wọ́n ń wá nínú fóònù.

Kí wá ni oníwádìí rí nínú ọ̀nà tuntun yìí? Ó rí nǹkan. Gbogbo ẹni tó bá bi léèrè ń gbọ́ ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà àti ohùn kan náà. Ó lè bá aláró Òṣogbo, ti Abẹ́òkúta àti ti Ìbàdàn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìwọ mọ́tò. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ń ti èèyàn lójú níwájú àlejò, tó jẹ́ pé tó bá ku òun àti fóònù, á sọ ọ́.

Ohun tó pàdánù ni ìbéèrè àtẹ̀lé, lójú tèmi òun ló sì ga jù. Ọ̀rọ̀ ló ń mú ọ̀rọ̀ wá. Nínú ìdáhùn kẹrin, ìyá kàn sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu pé, "Ẹ̀lú ayé ìsinyìí kì í ṣe ẹ̀lú," wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ẹni tó bá jókòó sórí àpótí níbẹ̀ á ti ta kìjí: "Kí ló ṣe é, mà?" Áàpù kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ìbéèrè karùn-ún jáde, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń ta ọjà wọn. Mo mọ̀ pé àwọn áàpù kan ti wà báyìí tí ẹ̀rọ ń ronú ìbéèrè àtẹ̀lé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lè béèrè ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́, gbígbọ́ Yorùbá yẹn gan-an sì ni ìṣòro.

Ẹ wò ó. Lẹ́yìn tí fídíò bá ti dé, oníwádìí ní láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ. Wákàtí ohùn kan lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Torí náà ló ṣe wu gbogbo èèyàn kí ẹ̀rọ bá wọn kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé Whisper, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, jáde ní 2022, Yorùbá sì wà lára èdè tó kà sílẹ̀, àmọ́ ohùn Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ohùn ìyá dán irinṣẹ́ kan wò, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. "Ewé ẹ̀lú" di "ewe ilu". "Omi eérú" di "omi eru", láìsí àmì kan lórí rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn náà, tó kàn ń ka ìwé ní Jámánì, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé eérú ni, tí kì í ṣe ẹrú, ẹrù tàbí ẹ̀rù? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó bá wù yín. Ọmọ Yorùbá tó ní etí gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa gbọ́ ọ, kó máa tún un ṣe.

Ta ló ń wo ojú yín?

Ohùn àti ojú kì í ṣe nọ́ńbà tí èèyàn lè lọ pààrọ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, fún yín láṣẹ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi fídíò yín ṣe, àti láti fa ìyọ̀ǹda yín sẹ́yìn. Ó ní bó ṣe rọrùn láti fúnni ní ìyọ̀ǹda ló ṣe gbọ́dọ̀ rọrùn láti gbà á padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló yẹ kó fọwọ́ sí i. Nítorí náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ béèrè: àwọn wo ló máa wò ó? Orí kọ̀ǹpútà ta ló máa wà, fún ìgbà wo? Ta ni mo lè pè kó pa á rẹ́? Oníwádìí tó bá gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ní yunifásítì rẹ̀ á ti kọ ìdáhùn wọ̀nyí síwájú ìbéèrè àkọ́kọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn gan-an ti jẹ́ ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà. Nígbà kan, HireVue ń lo ẹ̀rọ tó ń wo ìṣesí ojú èèyàn láti fi díwọ̀n bó ṣe máa wúlò níbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn pariwo, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde ní oṣù Kìíní 2021 pé àwọn ti fi wíwo ojú sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), láti ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2025, òfin ti ka ẹ̀rọ tó ń fi ojú mọ inú ẹni léèwọ̀ níbi iṣẹ́ àti ní ilé-ìwé, àyàfi tó bá jẹ́ ti ìlera tàbí ààbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ mú fọ́tò àwọn bàbá wa àgbà wá, èyí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ta ló rẹ́rìn-ín nínú wọn? Wọ́n jókòó ṣinṣin, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú wọn le. Iyì nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n sì kọ́ nílé kì í tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ wá gbé àwọn méjèèjì síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń wo kámẹ́rà gán-ín ni ẹni tó dára. Á ní bàbá ń bínú, á ní ọmọ ń purọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìyá ṣe parí

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọmọbìnrin ni, ó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, ìṣẹ́jú méjì ò lè se aró." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa bínú, bọ̀dá, bí mo ṣe bá a nínú áàpù ni mo ṣe fi í sílẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe áàpù ti fi ìṣẹ́jú méjì síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó ń wáṣẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹni tó yẹ kó ṣe ṣókí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, a jọ tún un tò. A sún ìṣẹ́jú méjì di mẹ́wàá. A yọ aago tó ń kà sẹ́yìn kúrò lójú fóònù. A fún wọn láyè láti tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ìbéèrè tó jẹ́ kíkọ tẹ́lẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí fídíò: ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti agboolé wọn, ó dúró díẹ̀ kí ìyá lè dáhùn ìkíni, kó tó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe aró. Ààyè ìdákẹ́ yẹn, ìṣẹ́jú àáyá méje, èmi ni mo ní kó fi síbẹ̀. Ó sì tún yọ fídíò kúrò lára ohun tó pọn dandan, kẹ́ni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun lè fi ohùn nìkan dáhùn.

Ìyá padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ nínú fóònù, wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi, o ò ní kú." Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀lú, wọ́n sọ̀rọ̀ eérú, wọ́n dé ọjọ́ kẹta, wọ́n kọjá rẹ̀. Wọ́n fi èékánná wọn han kámẹ́rà. Wọ́n ṣì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ẹ̀lú ayé ìsinyìí kì í ṣe ẹ̀lú, fóònù ò sì bi wọ́n léèrè ìdí. Fídíò náà dé 83 nínú ọgọ́rùn-ún, iná lọ. A jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, títí tó fi kọ ọ́ pé ó ti dé.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin náà gba ọ̀kadà lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun torí gbólóhùn ẹ̀lú yẹn. Ó bá ìyá nídìí ìkòkò. Ó kúnlẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìyá fi wò ó látòkè délẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i.

"Ṣé ìwọ lo wà nínú fóònù lọ́jọ́sí?"